Ṣé Ọmọ Àgbàtọ́ ni Mí Nílé Ọlọ́run?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣàgámù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí ìyá mi fà mí lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀dọ̀ Màámi yẹn ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti relé ọkọ. Nígbà tí Màámi kú, tí wọ́n fẹ́ pín ogún, wọ́n ní orí-ò-jorí ni àwọn máa pín in. Àkọ́bí wọn wò mí lójú, ó ní, "Àgbàtọ́ ni ẹ́, o ò sí níbẹ̀." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ka "ìsọdọmọ" nínú ìwé Róòmù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkàn mi á bàjẹ́. Wọ́n ṣe ìsàmì fún mi lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti jáde síwájú pẹpẹ nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Ọlọ́run jáde, nítorí n kò mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ mú. Bí mo bá ń gbàdúrà, "Olúwa" ló ń jáde lẹ́nu mi, "Bàbá" kì í wá. Ṣé bí mo ṣe jẹ́ ọmọ nílé Màámi náà ni mo ṣe jẹ́ ọmọ nílé Ọlọ́run?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú bírò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ẹ̀kọ́ Bíbélì lásán ni ẹ ń béèrè. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo rí ọgbẹ́ tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó jẹ́ oògùn ti di ata lójú ọgbẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní gbólóhùn kan, kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù: rárá, Ọlọ́run kì í gba àgbàtọ́. Ẹni tó bá gba Jésù gbọ́, ọmọ ni, ọmọ tó ń jogún.

Gbogbo wa la mọ àgbàtọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Wọ́n á fa ọmọ lé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu lọ́wọ́. Ọmọ náà á jẹun, á kàwé, á máa gbálẹ̀, á máa kiri ọjà. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere bíi Màámi yín, wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àlejò ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé. Síbẹ̀, ìdílé rẹ̀ kò yí padà. Ibi tó ti wá ni oríkì rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọn yóò júwe fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ogún. Bí àkọ́bí Màámi ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà sí yín burú, ó sì dùn mí fún yín, àmọ́ àṣà ló fi ń sọ̀rọ̀. (Bí Màámi bá kọ ìwé ìhágún, tó sì dárúkọ yín síbẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní ti àṣà. Ẹ fi ìwé náà han agbẹjọ́rò.)

Ọmọ tí a gbà ní kóòtù yàtọ̀ sí èyí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tí àwọn tó gbà á fúnra wọn bí. Agbára àwọn òbí àtijọ́ lórí rẹ̀ ti tán, ojúṣe wọn náà sì ti tán. Èyí sún mọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ló fara hàn nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta nínú Róòmù, ẹ̀ẹ̀kan nínú Gálátíà, ẹ̀ẹ̀kan nínú Éfésù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni fífi ènìyàn sípò ọmọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, mọ ọ̀rọ̀ náà "àgbàtọ́" bí ẹni mowó. Wọn kò lò ó níbẹ̀. Wọ́n ní "ìsọdọmọ", ìyẹn ni pé a sọ ẹnì kan di ọmọ. Ẹni tí a sọ di òmìnira kì í ṣe ẹrú mọ́, ẹni tí a sì sọ di ọmọ kì í ṣe àlejò mọ́. Mo máa ń dúpẹ́ fún ọwọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, nítorí ká ní "àgbàtọ́" ni wọ́n kọ ni, ìbẹ̀rù yín ì bá tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní Róòmù ayé ìgbà náà, torí àwọn ará Róòmù ni Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí. Bí ọkùnrin kan bá sọ ẹlòmíràn di ọmọ, ẹni náà bọ́ pátápátá lábẹ́ àṣẹ bàbá tó bí i. Yóò gba orúkọ bàbá tuntun, yóò sì di ajogún rẹ̀. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n pa Julius Caesar. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìhágún rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti sọ ọmọ-ọmọ arábìnrin rẹ̀ di ọmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Octavius. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló di Késárì Ọ̀gọ́sítù, ẹni tí Lúùkù dárúkọ nínú orí kejì ìwé rẹ̀, tí àṣẹ rẹ̀ gbé Jósẹ́fù àti Màríà lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Gbogbo ẹni tó gbọ́ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ní Róòmù ló mọ ìtàn yẹn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a sọ di ọmọ ló jókòó sórí ìtẹ́ tó ga jù láyé ìgbà náà. Etí tí wọ́n fi gbọ́ "ìsọdọmọ" nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà fi irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.

Àwa ará ibí, ẹ̀jẹ̀ la máa ń béèrè. "Ọmọ ilé ta ni?" ló ń ṣáájú "Kí lorúkọ rẹ?" Ìjẹ̀bú tiẹ̀ tún gbòòrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lọ, nítorí ojú méjèèjì ni a ń wò: ọmọ lè nawọ́ sí ti ìdílé bàbá, kó sì tún nawọ́ sí ti ìdílé ìyá. Bó ṣe gbòòrò tó náà, ẹ̀jẹ̀ ṣì ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọlé. Jòhánù wá sọ nínú orí kìíní pé gbogbo àwọn tó gba Jésù, àwọn ni ó fún ní agbára láti di ọmọ Ọlọ́run, àní àwọn tó gba orúkọ rẹ̀ gbọ́. Ó fi kún un pé kì í ṣe nípa ẹ̀jẹ̀ ni a fi bí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nípa ìfẹ́ ara tàbí ìfẹ́ ènìyàn. Ọlọ́run ló bí wọn. Ẹ kíyè sí i pé Jòhánù kò lo ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù. Pọ́ọ̀lù ní a sọ wá di ọmọ, Jòhánù ní a bí wa. Ilé Màámi kò lè fún yín ní èkejì yẹn láéláé, bó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ọlọ́run ṣe méjèèjì pọ̀. Ó fún wa ní ẹ̀tọ́ ọmọ, ó sì fi ìyè tirẹ̀ sínú wa.

Àwọn kan yóò ní ṣé gbogbo ènìyàn kọ́ ni ọmọ Ọlọ́run ni. Ní ti pé òun ló dá gbogbo wa, òótọ́ ni; Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Áténì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Àmọ́ "láti di" ni Jòhánù wí. A kì í di ohun tí a ti jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ jáde síwájú pẹpẹ ńkọ́? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a fara balẹ̀, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà jù. Ó jọ pé ojú ìgbàgbọ́ yín ni ẹ ń wò, láti mọ̀ bóyá ó lágbára tó, kí ẹ tó gbà pé ẹ ti di ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà "gbàgbọ́" fúnra rẹ̀ fẹ́ kọ́ wa ní nǹkan. "Gbà" àti "gbọ́" ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan sọ̀rọ̀, a gbọ́. Ó na nǹkan sí wa, a gbà á. Nínú méjèèjì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni nǹkan ti ń bọ̀. Ọwọ́ tí a fi gba ẹ̀bùn kọ́ ló ra ẹ̀bùn náà.

Ẹ̀yin tó ń ta obì mọ èyí ju àwa tó ń ka ìwé lọ. Gbàǹja tí ẹ ṣà, tí ẹ fi ewé dì sínú agbọ̀n, tí mọ́tò gbé lọ sókè Ọya, ẹni tó ń rà á lọ́hùn-ún kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣà á. Ó fi owó ránṣẹ́ torí pé ó mọ ẹni tó ń bá ṣòwò. Àyà rẹ̀ lè máa já lójú ọ̀nà, kó máa rò ó pé bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ṣé àyà jíjá rẹ̀ ló máa sọ obì di èyí tí kòkòrò jẹ? Bí obì bá dára, ọwọ́ ẹni tó ṣà á ló ti dára. Oníbàárà kejì tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá, irú obì kan náà ni yóò bá nínú agbọ̀n. Ìgbàgbọ́ kékeré àti ìgbàgbọ́ ńlá, Jésù kan náà ni wọ́n dì mú, òun ló sì ń gbani là.

Nígbà tí Nikodémù tọ Jésù lọ lóru, tó sì béèrè bí a ṣe ń tún ènìyàn bí, ìtàn ejò idẹ inú aginjù ni Jésù fi dá a lóhùn. Mósè gbé ejò náà kọ́ sórí òpó, ẹni tí ejò bù jẹ tó bá wò ó yóò yè. Mo máa ń ro ti àwọn arúgbó tó wà láàárín wọn, àwọn tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n wo òpó náà, bóyá òjìji lásán ni wọ́n rí. Wọ́n yè bí ọ̀dọ́mọdé tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere ṣe yè. Bí ẹ bá gbójú sókè wo Kristi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ jáde, ìgbà yẹn ti tó. Bó bá jẹ́ ìgbà kẹta ni ẹ tó wò ó gan-an, ìyẹn náà tó. Bó bá sì jẹ́ pé láàárọ̀ yìí ni, nídìí agbọ̀n obì, kò sí ohun tó kù. Mo rọ̀ yín, ẹ má jáde lẹ́ẹ̀kẹrin nítorí ìbẹ̀rù. Kò sí ọmọ tí a ń bí lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ìsàmì tí wọ́n ṣe fún yín lọ́mọ ọwọ́ kò tó ìyàn jíjà láàárín èmi àti ẹ̀yin, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ya ìjọ n'Ìjẹ̀bú-Òde rí. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ní 1892, tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣí sílẹ̀ fún àwọn ajíhìnrere, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn rọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan wá nítorí Kristi, ìwé kíkà ló sì fa àwọn mìíràn. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tó gba gbogbo ayé, Joseph Shadare àti àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí a wá mọ̀ sí Òkúta Iyebíye. Nígbà tó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, ìsàmì ọmọ ọwọ́ sì wà lára ohun tó fà á. Láti ara wọn ni Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì ti yọ. Ìlú tí ẹ ti dàgbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ìyá kan fi lè sọ fún yín pé ìsàmì yín ti parí ọ̀rọ̀, kí ìyá kejì sì ní omi lásán ni. Èrò tèmi rèé. Àwọn òbí ìsàmì yín dúró, wọ́n sì fi ẹnu wọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ dípò yín nígbà tí ẹ kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Ẹ̀jẹ́ wọn ń retí ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín yóò ní, "Mo gbà." Omi kò lè gbàgbọ́ fún ènìyàn. Bí ẹ bá sì ti gbàgbọ́, ẹ má ka omi náà sí asán.

Mo fẹ́ padà sí ilé Màámi. Mo fura pé ọ̀rọ̀ tí àkọ́bí yẹn sọ kò dúró síbi ogún. Ó ti tẹ̀ lé yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú Lúùkù orí 15, ọmọ tó ná ogún rẹ̀ dànù ti há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí kó tó délé: kí bàbá òun fi òun ṣe bí ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Nígbà tó délé, ó sọ̀rọ̀ dé ibi tó ti ní òun kò yẹ ní ẹni tí à bá máa pè ní ọmọ, bàbá sì ti ń pe ẹni tó máa mú aṣọ wá. Kò ráyè dé ibi alágbàṣe rárá. Bàbá yẹn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ inú ilé, tó ní láti ọdún yìí wá ni òun ti ń sìn ín. Inú ilé bàbá rẹ̀ ló wà, tó ń ka ọjọ́ iṣẹ́ bí ẹni tó ń dúró de owó oṣù. N kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú ìjọ yín. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń dáwó, tí ẹ ń gbààwẹ̀, kí wọ́n má baà lé yín jáde, a jẹ́ pé ọwọ́ àgbàtọ́ ni ẹ fi ń ṣe é. Ẹ máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ máa fi ṣe é.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe ogún ni, òwe ẹ̀jẹ̀ ni, òwe tí wọ́n fi lé yín síta ni. Kò sí bí mo ṣe ń rò ó tí omi kì í dé ojú mi, nítorí ohun tí òwe náà ní a kì í ṣe gan-an ni Ọlọ́run ṣe. Ó ní Ọmọ bíbí kan ṣoṣo. Pọ́ọ̀lù ní kò dá Ọmọ náà sí, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún gbogbo wa. Ìlẹ̀kẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, ìdí ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n so ó mọ́. Ogún wa kò sì já sí ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún wa, ikú ló ná an.

Nínú Róòmù 8:17, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni "ajùmọ̀jogún pẹ̀lú Kristi". Ẹ̀yin tí wọ́n pín orí-ò-jorí lójú yín, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ju ẹni tó kọ́ ọ ní yunifásítì lọ. Nílé Ọlọ́run, wọ́n ka orí àwọn ọmọ, wọ́n sì ka tiyín mọ́ wọn. Jésù, Àkọ́bí fúnra rẹ̀, ló ń kà á. Hébérù orí kejì ní kò tijú láti pè wá ní arákùnrin rẹ̀. Ẹsẹ Róòmù yẹn kan náà tún ní bí a bá bá a jìyà, torí náà n kò ní sọ fún yín pé ọjà yóò máa tà lójoojúmọ́ nítorí pé ẹ jẹ́ ọmọ. Bàbá máa ń bá ọmọ rẹ̀ wí pẹ̀lú. Bí ẹ bá ṣẹ̀, yóò dùn yín, yóò tọ́ yín sọ́nà, ẹ ó sì ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n inú ilé ni gbogbo rẹ̀ yóò ti ṣẹlẹ̀. Jésù ní ẹrú kì í gbé ilé títí láé, ọmọ ni í gbé ibẹ̀ títí láé.

Ó wá ku "Bàbá" tí kì í jáde lẹ́nu yín. Ẹ má fipá fà á jáde. "Ábbà" tí Pọ́ọ̀lù ní à ń ké, Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń fi í sí wa lẹ́nu, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ bí ìmí ẹ̀dùn lásán. Jésù fúnra rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ní Gẹtisémánì, ní òru tí ọkàn rẹ̀ dàrú jù. Lẹ́yìn tó jíǹde, nínú ọgbà, ó rán Màríà Magidalénì sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó sá fi í sílẹ̀ ní òru tí wọ́n mú un ni. Ó ní kí ó lọ sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin òun, kí ó sọ fún wọn pé òun ń gòkè lọ sọ́dọ̀ "Baba mi, àti Baba yín".

Nílé Màámi, ẹnu àkọ́bí ni ẹ ti gbọ́ pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹnu Àkọ́bí ni èyí náà ti jáde. Ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ tó ṣí ewé orí agbọ̀n, ẹ sọ ọ́ sẹ́yìn fún un bó ṣe sọ ọ́: "Baba Jésù, Baba mi." Ẹ má tíì béèrè nǹkan kan. Ẹ jókòó díẹ̀ kí ọjà tó kún.